Àríyànjiyàn Ọjọ́bọ̀

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tán ní Burbank
tí Mortimer ti fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn wa wọlé.
Ó bọ́ fìlà, kò kí ẹnikẹ́ni.
Ó ní, "Verna Lascelle ni.
Mo ti sùn lé e lórí, mo ti jí lé e lórí.
Kò sí obìnrin tó mọ ẹkún sun bẹ́ẹ̀ nínú sinimá."

Thelma gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀.
"Àlùbọ́sà ló ń jẹ́ ẹkún báyìí?
Èmi ni mo rán aṣọ fún Verna, ọdún mẹ́rin gbáko.
Ìbàdí rẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò mọ omijé kankan.
Maude Carrigan ni kí o sọ.
Ẹ̀rín Maude!
Bó bá rẹ́rìn-ín lápá òsì,
ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún á yẹ àpò ara rẹ̀ wò
bóyá wọ́n ti jí i lówó."

Arvid, tó ń yí fíìmù láyé ọjọ́un,
kò dá sí i títí ó fi jẹ dónọ́ọ̀tì rẹ̀ yípo
tó ku ihò nìkan.
"Ẹ̀yin méjèèjì ò rí Ilse Vorhaus rí.
Ilse kì í sunkún, kì í rẹ́rìn-ín.
Á kàn yí ọrùn padà díẹ̀ báyìí"
(ó yí ọrùn tirẹ̀, ó dún kọ̀ọ́)
"èmi á gbàgbé ẹ̀rọ, fíìmù á gbiná."

Ọdún kẹsàn-án rè é.
Èmi Vuthy ni mo ń rọ kọfí fún wọn.
Mi ò rí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yìí rí,
ṣùgbọ́n mo lè búra pé Verna kì í jẹ ẹyin,
pé Maude fi bàtà gbá olùdarí kan létí,
pé kò sí dígí kan ṣoṣo nínú ilé tí Ilse kú sí.

Mortimer ní irọ́. Thelma ní ìyá irọ́ ni Mortimer fi ṣaya.
Ṣíbí ń lu tábìlì.

Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.
Tìyá mi ò dákẹ́,
ó ń hó nínú òróró ni.
Ó nu ọwọ́. Ó jáde, ìyẹ̀fun ní ìpéǹpéjú.

"Mo mọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ìyá mi ní.
"Ní Battambang, bàbá mi a jókòó sẹ́yìn aṣọ funfun,
òun, gbohùngbohùn, àti ife tíì kan,
a máa fi èdè Khmer gbẹnu sọ fún wọn.
Ó gbọ́ èdè òyìnbó díẹ̀,
èyí tó kù, ó ń hùmọ̀ rẹ̀ ni.
Verna sunkún, bàbá mi ni.
Maude rẹ́rìn-ín, bàbá mi ni.
Ilse yí ọrùn, bàbá mi dákẹ́,
gbogbo gbọ̀ngàn gbàgbé èémí.
Tí wọ́n bá fẹnu kora wọn lẹ́nu,
ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń fẹnu kò.

"Ogun dé.
Wọ́n ní kí ẹni tó bá gbọ́ èdè òyìnbó bọ́ síwájú.
Bàbá mi gbọ́ díẹ̀.
Ó bọ́ síwájú.

"Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Verna gan-an,
lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú ilé tí a háyà lókè yìí,
mo pa á.
Mo ní, ta ni obìnrin olóhùn tín-ín-rín yìí
tó ń jí ọ̀rọ̀ bàbá mi sọ?"

Arvid ń wo ihò inú àwo rẹ̀.
Mortimer wá fìlà rẹ̀ títí, ó wà lórí itan rẹ̀.
Thelma ló rọra bi í léèrè:
"Báwo ló ṣe ń rín ẹ̀rín Maude?"

Ìyá mi kọ́kọ́ mi orí, ó kọ̀.
Ó wo ẹnu ọ̀nà.
Ó wá gbé àgbọ̀n sókè,
ẹ̀rín ọkùnrin kan tó ń ṣe bí obìnrin
jáde lẹ́nu obìnrin kan tó ń ṣe bí bàbá rẹ̀,
lápá òsì.

Mo rí ọwọ́ Thelma, lápá ọ̀tún,
tó yọ́ lọ fọwọ́ kan àpò rẹ̀.

"Vuthy," ìyá mi ní, "òróró ń jó."